Èmi Ni Mo Ń Ka Òfin Kónílé-ó-gbélé Fún Àdúgbò Wa

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2020, ni Ààrẹ Muhammadu Buhari bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀. Kò sí iná lọ́dọ̀ wa ní Odogúnyán, ní Ìkòròdú níbí. Rédíò oníbátìrì tí Màámi fi ń gbọ́ ìròyìn la yí ká ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn ará ilé kejì náà sì wá bá wa níbẹ̀. Òyìnbó ni Ààrẹ fi sọ ọ́: bí aago 11 bá ti lù lálẹ́ ọjọ́ Ajé, kí gbogbo ẹni tó wà ní Èkó, ní Ògùn àti ní Àbújá jókòó sílé fún ọjọ́ 14 nítorí àrùn kòrónà. Bó ti sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó wo rédíò mọ́. Èmi ni gbogbo wọn kọjú sí.

"Tíṣà, kí ni wọ́n wí?"

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa ni mí. Bí ìwé bá ti ìjọba ìbílẹ̀ wá, èmi ni mò ń kà á. Bí bíìlì iná bá dé, èmi ni mò ń pín in. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni sì ni mí, mo ti wà nílé láti ọjọ́ 23 oṣù náà tí ìjọba Èkó ti ti gbogbo ilé-ìwé pa. Mo rò pé bí mo bá ti ka òfin ketekete sétí ìgbọ́ àwọn ènìyàn, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí n tó mọ̀ pé n kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà rárá.

Inú ilé èmi gan-an lòfin náà ti kọ́kọ́ dojú rú. Ilé-iṣẹ́ irin kan ní Ògijo ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ṣágámù yóò mọ̀ pé Ògijo kò jìnnà sí wa, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n Èkó ló ni Odogúnyán, Ògùn ló ni Ògijo. Gómìnà Dapo Abiodun ti Ògùn sì ti bẹ ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí tàwọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, kí àwọn ará ìlú lè ráyè ra oúnjẹ sílé. Wọ́n gbà fún un. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń gbé ní Ògùn tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ògùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí Èkó ti wà ní títì, ọ̀gá ọkọ mi pè é lórí fóònù pé ilé-iṣẹ́ ṣì wà ní ṣíṣí, kí ó máa bọ̀.

"Ẹ má bínú sà, Èkó ni mo sùn."

"Ògùn lo ti ń jẹun," ni ọ̀gá dá a lóhùn.

Ọkọ mi wọ bàtà, ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀. Ó wá bi mí pé kí ni òfin wí. Mo ní òfin ní kó jókòó. Ó jókòó, wọ́n sì yọ owó ọjọ́ mẹ́rin lára owó oṣù rẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ owó yẹn sọ́kàn pẹ́, torí ẹnu mi ni òfin náà ti jáde. Nígbà tí ti Ògùn náà wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa jáde láti aago 7 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán. Bí wọ́n bá jáde lónìí, wọn kò ní jáde lọ́la. Ní tiwa, ọjà oúnjẹ ni wọ́n ń ṣí, aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, òun náà ní àfo ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo fi báírò búlúù fa ìlà sí ọjọ́ Èkó lára kàlẹ́ńdà, mo fi pupa fà á sí ti Ògùn. Ọmọ mi obìnrin wò ó, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ìpínlẹ̀ méjì ni àrùn náà máa ń bi léèrè kó tó wọlé ni?" Mi ò rí èsì fún un.

Páálí bisikíìtì ni mo ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi máàkà kọ òfin sí i, mo sì so ó mọ́ òpó iná tó wà níwájú ilé alága. Bó ṣe wà lórí fóònù mi náà ni mo ṣe yí i sí Yorùbá:

KÓNÍLÉ Ó GBÉLÉ. Ẹ FI MÍTÀ MÉJÌ JÌNNÀ SÍRA YÍN. Ẹ MÁA FI ỌṢẸ ÀTI OMI TÓ Ń ṢÀN FỌWỌ́ YÍN DÉÉDÉÉ.

Mo dúró wò ó, ó wù mí.

Ìyá Ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹja yíyan ló ń tà, inú ilé oníyàrá-ojúkojú tó kángun sí tiwa ló ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ ọ́n: yàrá márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, kànga kan àti ilé ìyàgbẹ́ méjì lẹ́yìn. Ó ní, "Tíṣà, onílé lẹ ní kó gbélé. Ayálégbé ni mí. Ẹ wá wo ibi tí mò ń gbé kí ẹ tó bá mi wọn mítà méjì." Mo tẹ̀ lé e. Ó dúró sí àárín yàrá, ó na apá rẹ̀ méjèèjì. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kan aṣọ tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri, ti òsì kan àpótí tí wọ́n tò lé ara wọn dókè àjà. Ẹni mẹ́fà ló ń sùn síbẹ̀. Kò bínú sí mi rárá. Ó kàn fẹ́ kí n fojú ara mi rí i ni.

Bí mo ṣe ń jáde lọ, mo yà sí ìdí kànga wọn, mo sì dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọwọ́ tó ń kan okùn ìfàmi. Kí oòrùn tó ga, ó ti lé ní 20. Okùn kan náà ni, ó tutù, ó sì ti dúdú ní ibi tí ọwọ́ gbogbo ayé ti ń dì í mú. Ọkùnrin kan wúkọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lójú mi, ó fa omi tirẹ̀, ó lọ. Ọmọdé tó tẹ̀ lé e fa tirẹ̀. Kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é: omi tí ènìyàn yóò fi fọwọ́ gan-an ló ń bọ̀ wá fà, ó ti gbọ́dọ̀ di okùn mú kó tó lómi lọ́wọ́. Ohun tí mo kọ sórí páálí kò dé ibẹ̀ rárá. Omi tó ń ṣàn tí mo kọ, ilé tó ní ẹ̀rọ omi ló wà fún.

Mo padà sílé, mo gé ọṣẹ dúdú sínú àwọ̀n tí wọ́n fi ń di àlùbọ́sà, mo lọ so ó mọ́ igi tó dábùú ẹnu kànga náà. Màámi yọ̀ǹda búta kan nínú èyí tó fi ń ṣe àlùwàlá. A ṣàdéhùn pẹ̀lú àwọn ará ilé náà pé ẹni tó bá fa omi tán yóò bu omi kún búta kó tó kúrò, kí ẹni tó kàn lè fi fọwọ́ kó tó fọwọ́ kan okùn. Mo fa páálí àkọ́kọ́ ya, mo kọ èkejì, ìdí kànga ni mo sì so ó mọ́:

KÍ O TÓ DI OKÙN MÚ, FỌWỌ́. KÍ O TÓ LỌ, BU OMI SÍ BÚTA FÚN ẸNI TÓ Ń BỌ̀.

Àwọn ọmọdé ló di ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá gbàgbé búta, wọn a pariwo lé e títí yóò fi padà.

Ìyẹn yanjú. Ṣùgbọ́n òfin pé kí ènìyàn jókòó sílé ṣì ń wọ́ àwọn ènìyàn lọ́rùn, Màámi ló sì fi ìdí rẹ̀ hàn mí. Mùsùlùmí ni Màámi, ṣùgbọ́n ọmọ Ìkòròdú ni, kò sì sí obìnrin tó dàgbà ní Ìkòròdú tí kò mọ ìséde. Bí Orò bá fẹ́ jáde, a ti ń gbọ́ ọ ṣáájú. A ó pọn omi sílé, a ó lọ ata, a ó ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ. Tí ọjọ́ náà bá pé, ìlẹ̀kùn dé, obìnrin kan kò ní yọjú, kò sì sí ọlọ́pàá tó ń lé wa wọlé. Màámi ní, "Orò a máa ní ọjọ́ tó ń jáde, a sì máa ní ọjọ́ tó ń wọlé. Ọ̀la, a ti ń lọ sọ́jà. Èyí tí ẹ ń kà fún wa yìí, kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ 14? Ta ló kà á? Kí ló wà ní ìparí rẹ̀?"

N kò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo ti ń pe 14 lẹ́nu, n kò bi ara mi léèrè ìdí tí kì í fi í ṣe 10 tàbí 20. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó jókòó ti fóònù mi, tí mo ka ohun tí àjọ ìlera àgbáyé àti NCDC, àjọ tó ń rí sí àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, kọ. Ní ọjọ́ kejì, mo pe àwọn tó bá fẹ́ gbọ́ sí ẹ̀yìnkùlé wa, kí wọ́n dúró ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Adìyẹ Màámi kan wà nínú agbọ̀n ní ìdí ògiri, ó ń sàba lọ́wọ́. Mo nawọ́ sí i.

Mo bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni adìyẹ fi ń sàba. Gbogbo wọn ní 21. Mo ní, tí ẹ bá wo ẹyin yẹn lónìí, ṣé ẹ lè mọ èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀? Wọ́n ní rárá. Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àrùn yìí ṣe ń sàba lára ènìyàn. Lára ọ̀pọ̀, ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà ni yóò yọjú. Lára àwọn mìíràn, ó lè tó ọjọ́ 14. Ní gbogbo àkókò yẹn, ara onítọ̀hún le, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń báni ná ọjà. Ọmọ Ítálì tí wọ́n kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọjọ́ 25 oṣù Kejì ló balẹ̀ sí Èkó, ọjọ́ 27 ni àyẹ̀wò fi hàn, ó sì ti dé Èwékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo ní, "Tí gbogbo wa bá jókòó jẹ́ẹ́ fún ọjọ́ 14, èyí tó máa pa yóò ti pa, a ó sì mọ ilé tó wà."

Ẹnì kan kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bàbá Fọkanáísà, tó ń lẹ táyà ní ẹ̀bá títì, ló kọ́kọ́ mirí. Ó ní, "Ká ní báyìí lẹ ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, n kì bá tí jáde lọ́jọ́bọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí òótọ́ ni. Láti ìgbà náà, n kò ka òfin kan fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé mo ti mọ ohun tó ń ṣọ́.

Màámi fi tirẹ̀ lé e. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí Olóde, ìyẹn àrùn ṣọ̀pọ̀ná, bá ń jà ní abúlé, wọn kì í lu ìlù, wọn kì í ṣe ìnáwó, ẹni tó bá mú, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ń gbé e lọ, ẹni tí Olóde ti bá jà rí tó sì yè é ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Olóde ti lọ. Ọdún 1980 ni wọ́n kéde pé kò sí i mọ́ ní gbogbo àgbáyé. Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn ràn mí lọ́wọ́ ju gbogbo ohun tí mo kà lọ, torí nígbà tí mo wá sọ pé wọ́n ti fòfin de àríyá àti òkú ṣíṣe, àwọn àgbà kò bá mi jiyàn. Wọ́n mọ̀ ọ́n.

Bàbá Fọkanáísà ló bi mí ní ìbéèrè tí n kò rí ìdáhùn sí títí dòní. Òfin yọ àwọn kan sílẹ̀: oníṣègùn, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti àwọn tó ń tà á, àwọn elépo, àwọn oníná, àwọn ẹ̀ṣọ́. Ó ní, "Tíṣà, tírélà tó ń gbé iṣu bọ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Táyà rẹ̀ ńkọ́?" Mo ka ìwé òfin náà látòkè délẹ̀, n kò rí i níbẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, ó fi nọ́mbà rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn awakọ̀, tí wọ́n bá pè é, á mú irinṣẹ́ dání, á yọ́ jáde. Ẹ̀rù aṣọ ìjọba ń bà á ju ẹ̀rù kòrónà lọ, n kò sì dá a lẹ́bi. Ní àárín oṣù Kẹrin, NHRC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé e jáde pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ènìyàn 18 ni àwọn agbófinró ti pa káàkiri orílẹ̀-èdè níbi tí wọ́n ti ń mú òfin ṣẹ. Àrùn náà fúnra rẹ̀ ti pa 12 nígbà yẹn. Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ sọ pé olórí kunkun ni àwa ará Èkó kọ́kọ́ gbé iye méjèèjì yìí yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ ọjà ló gba agbára mi jù. Ẹni tó ro wákàtí mẹ́rin yẹn rò pé tí àkókò bá kúrú, èrò yóò dín kù. Mo lọ sí Sábó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí i, mo sì rí i pé èrò tó ń fi ọjọ́ kan gbáko ná ọjà tẹ́lẹ̀ ló wá rọ́ jọ láàárín aago 10 sí aago 2. Ejìká ń kan ejìká. Obìnrin kan gbé ọmọ pọ̀n, ọmọ náà nawọ́ mú gèlè mi, kò jù ú sílẹ̀ títí a fi rìn kọjá àwọn aláta. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí aago méjì lù, gbogbo wa ń sáré, àwọn ọlọ́jà ń palẹ̀ mọ́, owó ń já bọ́ lọ́wọ́. Mo délé, mo wẹ̀, mo jókòó, àyà mi ń já.

Mo ní ìwé rẹ́jísítà kíláàsì mi nílé. Mo ṣí ojú ewé tuntun, mo kọ yàrá kọ̀ọ̀kan àti ilé kọ̀ọ̀kan sí ibi tí orúkọ àwọn ọmọ máa ń wà. Yàrá 4: gààrì kóńgò méjì, èlùbọ́ kóńgò kan, ata rodo 300 náírà, epo pupa ìgò kan. Yàrá 7: ìrẹsì dẹ́ríkà mẹ́rin, wàrà alágolo kékeré, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti bàbá, ẹ wo páálí tó wà nínú ọ̀rá. Ilé kọ̀ọ̀kan fi owó tirẹ̀ sínú ọ̀rá, a kọ nọ́mbà sí i. Ẹni mẹ́ta la yàn: Ìyá Ẹlẹ́ja tó mọ ọjà ná, ọmọkùnrin alága tó lágbára láti ru ẹrù, àti èmi tí mo mú ìwé dání. Dípò kí ènìyàn 19 lọ sí Sábó, àwa mẹ́ta la lọ.

Kò rọrùn. Ní ìrìn àkọ́kọ́, owó yàrá 7 dín ní 200 náírà, ọ̀rọ̀ náà di ariwo títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀ǹgàríbì, ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé Tíṣà ti rí ọ̀nà oúnjẹ. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà kejì, a tẹ́ ẹní sí àárín àgbàlá, a da ọjà lé e, a sì ń ka owó lójú gbogbo ènìyàn kí ẹnikẹ́ni tó gbé tirẹ̀. Bí a bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ariwo tán. Nígbà tí oṣù Kẹrin fi máa parí, àwọn tó ní díẹ̀ ti ń fi owó kún ọ̀rá àwọn tí kò ní mọ́, wọn kì í sì í jẹ́ kí n kọ orúkọ wọn.

Ọjọ́ 14 pé, Ààrẹ tún sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, ó fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un. Bàbá Fọkanáísà wá dúró sí ẹnu ọ̀nà wa. "Tíṣà, ẹ ní yóò ti pa." Kí n tó la ẹnu, Màámi dá a lóhùn láti inú ilé: "Ẹyin mìíràn ni wọ́n tún kó sí i lábẹ́." Kò sí ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn náà ni ìbẹ̀rù àwọn jàǹdùkú tó ń pe ara wọn ní One Million Boys gba Èkó àti Ògùn kan. Ìkòròdú kò tíì gbàgbé àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ní ọdún 2016 àti 2017, nítorí náà kò sẹ́ni tó dúró gbàṣẹ. Àwọn ọkùnrin àdúgbò jáde, wọ́n dáná sun táyà ní oríta, ẹni bí 20 yí iná kan ká, ife kan ni wọ́n fi ń mu omi. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé. N kò sọ ohunkóhun. Ọkọ mi wà láàárín wọn.

Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin, ni ẹ̀gbọ́n Màámi kú ní Ṣágámù. Ìyá Ṣágámù là ń pè é. Kì í ṣe kòrónà, ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fínra tipẹ́. Òun ló tọ́ Màámi nígbà tí ìyá wọn kú. Ìdajì ọ̀sán ni wọ́n pè wá, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sì máa sin ín. Màámi ti wọ aṣọ, ó ti wé gèlè, ó ti di ìborùn mọ́ra kí n tó mọ̀ pé ó ti dìde. Ó ní kí n wá ọkọ̀.

Mo ní, "Màámi, wọn kò ní jẹ́ kí a kọjá Ògijo."

Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Ìwọ lò ń kà á fún wọn. Kà á fún èmi náà."

Mo lérò pé ó ń bú mi ni, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń dúró. Mo ṣí fóònù, mo kà á: kí gbogbo ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn dúró ná. Ohùn mi ń gbọ̀n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ bí òfin náà ṣe ń dún létí ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Mo ti kà á fún ọkọ mi, mo ti kà á fún Ìyá Ẹlẹ́ja, mo ti kà á fún ẹni tó ń lẹ táyà. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ ọ báyìí, n kò mọ̀. Màámi ní, "Ó tó." Ó tú gèlè.

Ọmọ Ìyá Ṣágámù gbé fóònù sókè níbi sàréè kí a lè rí i. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó padà wá, wọ́n ti ń da erùpẹ̀ sí i.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn obìnrin àdúgbò ti gbọ́. Wọ́n wá. Nígbà tí nǹkan bá dára, wọn ì bá wọlé, wọn ì bá jókòó yí i ká, ẹnì kan ì bá gbé orí rẹ̀ lé àyà. Ìyá Ẹlẹ́ja ló ṣáájú, ó ti fẹ́ gun àtẹ̀gùn. Màámi na ọwọ́ síta láti orí àga rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ má gòkè. Ẹ dúró níbẹ̀, mo rí yín." Gbogbo wọn dúró ní àgbàlá, ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì kí i láti ibẹ̀. Wọ́n tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó lọ. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, n kò lè jáde sí wọn.

Màámi kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, àfi tó bá fẹ́ omi sàárì. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní kí n bá òun wo adìyẹ tó ti pa, bóyá àṣá kò tíì gbé nínú ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú òfin náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A wọ ìbòmú, a ń wọlé kí aago 8 alẹ́ tó lù, a fi ilé kírun ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ààlà ìpínlẹ̀ ṣì wà ní títì títí di ọjọ́ kìíní oṣù Keje.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣí i, èmi àti Màámi wọ ọkọ̀ ní ẹ̀bá títì lọ sí Ṣágámù. Awakọ̀ kó ènìyàn díẹ̀, ó sì gba ìlọ́po méjì owó tí à ń san tẹ́lẹ̀. Màámi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìbòmú àǹkárá bo imú rẹ̀, ó gbé búta tuntun kan sórí itan tó rà fún ilé wọn. Ó ní tí a bá dé ibi tí Èkó ti parí, kí n fi han òun.

Nígbà tí a dé ibi tí mo rò pé ó jẹ́, mo nawọ́. Ṣọ́ọ̀bù símẹ́ǹtì kan wà níbẹ̀, oníbọ̀ọ̀lì kan ń fẹ́ná, ọmọ kan ń yí táyà lọ lẹ́bàá títì. Màámi bojú wẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó tún bojú wẹ̀yìn.

"Ibí yìí náà ni?"

"Ibí yìí ni, Màámi."

Kò sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi wọ Ṣágámù.